Ṣé Kí N Ra Adójútòfò Kejì Lé Èyí Tí Mo Ní Lórí?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé eré ìdárayá kékeré kan ní Ògo-Olúwa, lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, níbi tí nǹkan bí ọgọ́ta ènìyàn ń wá, mo sì ní kọ́ọ̀ṣì méjì tí mò ń sanwó fún ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá ṣiṣẹ́. Mo ti ní adójútòfò public liability, ìyẹn èyí tó ń san owó bí ará ìta bá farapa lọ́dọ̀ mi, tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kí n máa wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn nínú ọgbà wọn ní ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n mú ìwé adójútòfò ₦20,000,000 wá kí n tó bẹ̀rẹ̀. Aṣojú tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi ní kí n ra ₦15,000,000 lé e lórí. Ọkọ mi ní owó àdánù ni, nítorí pé gbogbo oníbàárà mi ló ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní pè mí lẹ́jọ́ bí àwọn bá farapa. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá Oníjímù, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá Oníjímù, pàápàá tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Aṣojú yín kò parọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ti yára jù.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 2023 ni a ti ń san ₦15,000 fún third party ọkọ̀ àdáni, bí ọkọ̀ náà bá sì ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, ₦3,000,000 ni wọ́n fi dá ààlà ohun tí adójútòfò náà máa san. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ọrùn ẹni tó ni ọkọ̀ ló wà. Bákan náà ni ₦5,000,000 yín. Bí irin bá já lu ẹsẹ̀ oníbàárà kan, tí owó ìtọ́jú àti owó iṣẹ́ tí kò lè ṣe mọ́ bá di ₦8,000,000, ẹ̀yin lẹ máa wá ₦3,000,000 tó kù. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àfikún, ìyẹn adójútòfò kejì tí aṣojú ní kí ẹ rà lé ti àkọ́kọ́ lórí, wà fún, kì í sì í san kọ́bọ̀ kan títí ti àkọ́kọ́ yóò fi tán.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ nìyí. Àfikún sábà máa ń tẹ̀lé àdéhùn ti àkọ́kọ́ ni, bí ìkòkò tí a gbé sábẹ́ ìkòkò mìíràn nídìí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò: omi tí kò bá kọ́kọ́ bọ́ sínú ti òkè kò lè ṣàn dé ti ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì Ògo-Olúwa nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé yín, ẹni tó bá ṣubú ní ọgbà ilé-iṣẹ́ yẹn kò sí nínú ₦5,000,000, kò sì sí nínú ₦15,000,000, ẹ ó sì ti san owó méjì lórí òfo. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìkọ́ni. Public liability sábà máa ń wà fún ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ tàbí tí ẹ̀rọ ṣe léṣe. Ṣùgbọ́n bí kọ́ọ̀ṣì bá ní kí obìnrin tí ẹ̀yìn ń dùn gbé irin tó wúwo jù, ìmọ̀ràn ló fa ẹ̀bi yẹn, adójútòfò mìíràn tí wọ́n ń pè ní professional indemnity ló sì ń bójú tó o, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ pọ̀ mọ́ tiyín. Àwọn kọ́ọ̀ṣì yín tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù gan-an lè máà sí nínú ìwé náà rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ló ń sún mọ́ oníbàárà jù.

Ní ti ọkọ yín, ìwé tí àwọn oníbàárà fọwọ́ sí wúlò, nítorí ó fi hàn pé ẹ kìlọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fẹ̀yìn tì bí ẹ̀rọ kan bá ti ń já láti oṣù tó kọjá tí ẹ kò tún un ṣe. Ẹni tó sin oníbàárà wá, tí irin wá já lé lẹ́sẹ̀, kò sì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kan tó kan àṣà wa: bí ẹnìkan bá farapa, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀, ọmọlúàbí kò lè ṣe kó máà ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ má sì ṣèlérí iye kan kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó gbọ́, nítorí wọ́n lè torí bẹ́ẹ̀ kọ̀ láti san. Mo mọ̀ pé ó le létí. Ẹ má sì gbà kí aṣojú ní kí ẹ gba ìwé ná kí ẹ san nígbà tó bá yá. Láti ìgbà òfin adójútòfò ọdún 2003 ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí kò tíì sanwó kò ní adójútòfò.

Bí mo bá wà ní ipò yín, n ó ní kí aṣojú náà kọ iye owó méjì wá: iye tí yóò gbà bí wọ́n bá gbé ìwé kan ṣoṣo náà sókè sí ₦20,000,000, àti iye tí àfikún yóò gbà, kí méjèèjì sì dárúkọ ọgbà ilé-iṣẹ́ náà, ìkọ́ni, àti àwọn kọ́ọ̀ṣì méjèèjì. Fún iṣẹ́ tó mọ bí tiyín, mo fura pé ìwé kan ṣoṣo ni yóò rọrùn jù. Ṣáájú ìyẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó pè yín bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ₦20,000,000 náà wà fún tàbí gbogbo ọdún lápapọ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ aṣojú.