Ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà àtijọ́: èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní Houston. Mo fẹ́ ra ojúlówó ìwé ìròyìn àtijọ́ díẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lè fojú ara wọn rí bí Amẹ́ríkà ṣe gbòòrò lọ síhà ìwọ̀-oòrùn. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà, báwo ni mo sì ṣe lè dá ayédèrú mọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ẹ fi àwọn tó gbé ìròyìn ńlá jáde sílẹ̀ ná. Èyí tó kéde ní 1803 pé Amẹ́ríkà ti ra Louisiana lọ́wọ́ Faransé, àwọn olówó ló ń du ú. Niles' Weekly Register ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Hezekiah Niles dá a sílẹ̀ ní Baltimore ní 1811, ó wà títí di 1849, kò sì ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Òfin, àdéhùn, ọ̀rọ̀ ààrẹ, bí Missouri àti Texas ṣe di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìwé ìròyìn ìlú kékeré ìhà gúúsù, láàárín 1820 sí 1840, kí ẹ sì lọ tààrà síbi ìpolówó. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà wà. Ẹ ó rí i níbi tí ìjọba ti ń polówó ilẹ̀: lábẹ́ òfin 1820, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 ni éékà kan, èèyàn ò sì lè rà tó kéré sí 80 éékà, ìyẹn 100 dọ́là. Nítòsí rẹ̀, ìpolówó ẹrú ni: àwọn tí wọ́n fẹ́ tà, àti àwọn tó sá lọ, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ga tó, aṣọ tó wà lọ́rùn wọn, àpá ẹgba ẹ̀yìn wọn. Àwọn ti South Carolina tó ṣáájú ìgbà yẹn tiẹ̀ máa ń ṣàpèjúwe ilà ojú àwọn tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Creek àti Choctaw, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń tà, ẹrú ni wọ́n sì fẹ́ fi gbin òwú sí i.

Ẹ fi Cherokee Phoenix tì í, ìwé ìròyìn àwọn Cherokee tí àwọn náà jẹ́ ọmọ onílẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín gbọ́ tẹnu àwọn tí wọ́n ń lé kúrò. New Echota ní Georgia ló ti ń jáde láti 1828 sí 1834, ní èdè Cherokee àti Gẹ̀ẹ́sì. Ojúlówó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Digital Library of Georgia.

Ní ti ayédèrú, ìka ọwọ́ yín ni kí ẹ lò. Àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà nígbà náà, torí náà ó rọ̀, kì í sì í tètè ya. Ẹ rọra fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀: ó yẹ kí ọwọ́ yín mọ ibi tí lẹ́tà ti tẹ̀ wọlé. Èyí tí wọ́n bá ní ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ń rún, bébà tí wọ́n fi igi ṣe ni, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló dé, ẹ dá a padà. Tí wọ́n bá fi Ulster County Gazette ti January 4, 1800, èyí tó gbé ìròyìn ikú George Washington, lọ̀ yín, ẹ kọjá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àtúntẹ̀ ni gbogbo èyí tó wà níta.

Ẹ má ṣe laminate rẹ̀ (ìyẹn kí ẹ fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ pa) láéláé. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú fáìlì tí kò ní ásíìdì, kí oòrùn má pa á, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó kọ ọdún tí ìwé ìròyìn náà jáde.