Ẹ má tíì ra RAM

Ẹ kú ìnira o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ fi RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) kún RAM, nítorí pé kọ̀ǹpútà yín máa ń dákú nígbàkígbà tí ẹ bá ń kó fáìlì sínú díìsìkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó kankan.

Lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń du àtitẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgbọ̀wọ́, kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Windows XP ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí mo bá ti ní kí ó fi iṣẹ́ pamọ́, ojú rẹ̀ a dúró gbagidi, lẹ́tà tí mo bá tẹ̀ kò ní yọ títí n ó fi ka ogún, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn a ya jáde pọ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń sunkún, torí ọjọ́ kejì ni wọn yóò gba iṣẹ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ tí mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá ní Dùgbẹ̀ ta RAM fún mi, ó tún ní processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló gbó, kò sì yẹ díìsìkì wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣì ń dùn mí.

Wáyà tó so díìsìkì mọ́ controller, ẹ̀yà tó ń darí díìsìkì, ló bàjẹ́. Nígbà tí àṣìṣe pọ̀ lórí rẹ̀, Windows já controller náà kúrò ní ọ̀nà DMA, níbi tó ti ń kó dátà láàárín díìsìkì àti RAM fúnra rẹ̀ tí yóò sì ké sí processor nígbà tó bá parí, ó sọ ọ́ sí ọ̀nà PIO, níbi tó ti di dandan kí processor máa ru ẹrù náà fúnra rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù bá ń ru sìmẹ́ńtì, ta ni yóò dá oníbàárà lóhùn? Mo pààrọ̀ wáyà, mo yọ channel díìsìkì náà (ojú ọ̀nà tó ń gbà) kúrò nínú Device Manager, ibi tí Windows to àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ sí, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, ó tán. Ẹni bá ṣì ń lo irú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, kó ka fọ́nrán wáyà kó tó sanwó: 80 ni kó rà, wọ́n máa ń ta ti 40 fún ènìyàn.

Ní ti yín, ẹ ṣí Task Manager, tó ń fi bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó hàn, nígbà tí ẹ bá ń kó fáìlì. Bí díìsìkì bá wà ní 100% tí RAM sì ṣì láyè, RAM kọ́ ni. Bó bá jẹ́ díìsìkì tí ẹ ń kì bọ ihò USB ni, ẹ wo ihò náà pẹ̀lú: USB 2.0 kò lè kọjá mẹ́gábíìtì 480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 3.0 lè dé gígábíìtì 5. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí síbí, n ó dáhùn.