Ṣé ẹni tí kò gbá béèsìbọ́ọ̀lù rí lè di ọ̀gá ẹgbẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé dandan ni kí ẹni tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà ti gbá a rí? Kí ló sì le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan rárá. Akọ́ṣẹ́ ni Kim Ng nígbà tó wọ Chicago White Sox ní 1990. Ní 2020 ni Miami Marlins fi í jọ̀gá, obìnrin àkọ́kọ́ nípò náà nínú líìgì ńlá. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ìṣirò àti èdè Sípéènì, nítorí púpọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń wá láti Dominican Republic àti Venezuela.

Ibi tó le jù ni ìwé orúkọ ènìyàn 40, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ fi pamọ́ kí ẹgbẹ́ mìíràn má bàa mú wọn. Nínú wọn, 26 péré ló ń bọ́ sí pápá. Lóṣù Kọkànlá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ pinnu ọ̀dọ́ tí yóò fi kún un. Ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé kó tó pé ọdún 19, tó ti lo sáà márùn-ún, tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn lè san 100,000 dọ́là kó mú un lóṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú un ní láti fi í sáàárín àwọn 26 jálẹ̀ sáà tó tẹ̀ lé e.

Houston Astros fi Johan Santana, ajùbọ́ọ̀lù kan, sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1999. Ọmọ 20 ọdún ni, èsì rẹ̀ ní líìgì kékeré kò wú ni lórí. Minnesota Twins ló jẹ èrè rẹ̀: ó gba Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ ajùbọ́ọ̀lù tó dára jù, ní 2004 àti 2006. Tẹ́ ẹ bá dé ipò náà, ẹ má wo èsì nìkan. Ẹ rán ẹni tó mojú bọ́ọ̀lù lọ wo ọwọ́ ọmọ náà.