Ẹ Bi Wá: Ẹran Ìgbẹ́ àti Ẹja Tútù

Ìbéèrè lórí ẹran tí ọdẹ gbé wálé àti ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi pọ̀ lọ́wọ́ wa lóṣù yìí. A ti ṣa márùn-ún nínú wọn.

Wọ́n fún wa ní odidi itan ìgalà lọ́jọ́ tí wọ́n pa á gan-an. Mo gbé e kaná lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sè é fún wákàtí mẹ́ta. Omi rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹran náà gbẹ, ó sì ń fà lẹ́nu bí okùn. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Omi rẹ̀ dùn torí pé ibẹ̀ ni adùn ẹran náà sá lọ. Ẹ kọ́kọ́ kánjú. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹran bá kú, ara rẹ̀ á gan, èyí tó bá sì bọ́ sínú ìkòkò nígbà tó ṣì gan kì í rọ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ní 1°C sí 4°C. Ẹ gbé e lé orí irin tí afẹ́fẹ́ fi lè gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi àwo gbe ẹ̀jẹ̀ tó bá ń kán. Ẹ má dì í pa sínú ọ̀rá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró yí i ká ló ń jẹ́ kó rùn.

Lẹ́yìn èyí, itan kì í ṣe ẹran kan ṣoṣo. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pín in sí ìṣù-ìṣù. Ẹ ti ìka bọ ibi tí ìṣù méjì ti pàdé, á máa ṣí fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀bẹ ni ẹ ó kàn fi ràn án lọ́wọ́. Ẹ bó awọ funfun yẹn kúrò lára ìṣù tí ẹ bá fẹ́ dín, nítorí ńṣe ló máa ń sún kì tí iná bá kàn án, tí á sì ká ẹran náà kò. Àwọn ìṣù ńlá tó wà lókè itan rọ̀. Ẹ gé wọn ní ìdábùú fọ́nrán ẹran, kí wọ́n nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, kí ẹ dín wọn lórí páànù gbígbóná fún ìṣẹ́jú 2 sí 3 lójú kọ̀ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá ti dé 63°C, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 3. Ìgalà kò ní ọ̀rá láàárín ẹran, bó bá pẹ́ jù lórí iná, gbogbo omi ara rẹ̀ ló máa fún jáde.

Ojúgun ní tirẹ̀ kún fún iṣan, ẹ sì lè fi ọrùn àti èjìká kún un. Omi tútù tó kàn bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni ẹ ó fi gbé wọn kaná, pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù títí omi á fi máa ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Iṣan máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Bí omi bá ń hó gùdùgùdù, ẹran á ti gbẹ kí iṣan tó rọ̀. Ẹ tọ́ omi rẹ̀ wò: nígbà tó bá ń mú ètè lẹ̀ mọ́ra wọn, iṣan ti yọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹran náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú omi rẹ̀ kí ẹ tó kó o jáde.

Mo máa ń rẹ ẹran ìgbẹ́ sínú fínígà mọ́jú kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Òórùn kì í lọ, ojú ẹran a sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀.

Fínígà kì í wọlé ju mílímítà díẹ̀ lọ, ojú ẹran nìkan ló ń bà jẹ́. Inú ọ̀rá ni òórùn ti ń wá jù. Ẹ gé gbogbo ọ̀rá náà dànù, kó má dùn yín. Kì í ṣe bíi ti màlúù, ńṣe ló máa ń dì mọ́ òkè ẹnu. Ẹ fi òróró tàbí bọ́tà rọ́pò rẹ̀. Èyí tó kù, ọwọ́ ẹni tó pa ẹran ló ti wá: irun kan ẹran, tàbí ọ̀bẹ bẹ́ ìfun. Ibi tí omi ìfun bá kàn, ẹ gé e sọnù, nítorí bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ ń tàn án káàkiri ni. Tí ẹ bá ṣáà fẹ́ rẹ ẹ́, iyọ̀ gíráàmù 60 nínú omi lítà 1 tó, nínú fíríìjì, kó má ju wákàtí 12 lọ.

Tó bá jẹ́ ìbọn ni wọ́n fi pa á, fínígà tún léwu sí i. Òjé inú ọta máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, á fọ́n ká kọjá ojú ọgbẹ́, ohun kíkan bíi fínígà àti ọsàn wẹ́wẹ́ sì ń yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹran. Gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì ni kí ẹ gé dànù, kí ẹ sì mú díẹ̀ kún un. Ẹran ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ kì í ṣe fún ọmọdé tàbí aláboyún.

Ṣé òótọ́ ni pé bí ẹlẹ́dẹ̀ igbó bá ti lo oṣù kan nínú fírísà, kò pọn dandan kó jinná tán?

Irọ́ ni. Àwọn ẹ̀yà kan nínú aràn tí wọ́n ń pè ní Trichinella, èyí tó ń gbé inú ẹran ìgbẹ́, kì í kú sínú yìnyín. Iná ló ń pa á. Ẹ ki tẹmómítà bọ ibi tó nípọn jù, kó má kan egungun, kó tó 71°C. Ti ẹyẹ ìgbẹ́ jẹ́ 74°C. Àwọ̀ ẹran lè tàn yín jẹ.

Mo la ehoro igbó, mo rí àmì funfun tótòtó lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé kí n yọ ẹ̀dọ̀ náà nìkan?

Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọnù, ẹ má sì fún ajá. Àrùn tularemia lè fi irú àmì bẹ́ẹ̀ hàn, ó sì ń gba ojú egbò ọwọ́ wọ ara èèyàn. Ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó la ehoro kankan. Bí ibà bá mú yín tàbí tí egbò bá yọ lọ́wọ́ yín, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fọwọ́ kàn fún un.

Ẹja adágún tí ọkọ mi ń mú wálé máa ń ní adùn ẹrẹ̀, bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó. Ó tún máa ń lẹ̀ mọ́ páànù, nígbà mìíràn á korò.

Ẹ ò ṣe ọ̀lẹ, ibi tí omi lè dé kọ́ ni adùn ẹrẹ̀ wà. Geosmin ni orúkọ ohun tó ń fà á, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi ló ń ṣe é, ọ̀rá ẹja ló sì ń sá pamọ́ sí. Ẹ bó awọ, ẹ gé ẹran abẹ́ ikùn kúrò, kí ẹ sì yọ ẹran dúdú tó là gba ẹ̀gbẹ́ ẹja kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ìyókù sínú omi lítà 1 tí ẹ da fínígà ṣíbí ìmùkọ 2 sí, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, torí ohun kíkan ń fọ́ geosmin. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹran ẹja á funfun bí èyí tí wọ́n ti sè. Bí ẹja bá ṣì wà láàyè, ọjọ́ mélòó kan nínú omi mímọ́ tí ẹ ń pààrọ̀ á dín adùn náà kù.

Ẹ̀jẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn nínú ikùn tún wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń fojú fò ó. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ la awọ tó bò ó, kí ẹ fi èékánná àtàńpàkò há a jáde lábẹ́ omi tó ń dà títí omi á fi mọ́.

Òróòro tó bẹ́ ló ń fa kíkorò. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀. Ẹ má ki ọ̀bẹ bọ inú jù: ẹnu rẹ̀ nìkan ni kó wọlé láti ìdí ẹja, kí ojú mímú rẹ̀ kọjú sókè, títí dé abẹ́ àgbọ̀n. Tí òróòro bá ti bẹ́, ẹ ṣan án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gé ibi tó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú dànù.

Ní ti lílẹ̀ mọ́ páànù, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ẹja náà gbẹ nínú àti lóde. Páànù á gbóná kí òróró tó wọ̀ ọ́. Ẹ ti ìdí ṣíbí onígi bọ òróró. Tó bá ń hó yí i ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti yá. Ẹ tẹ́ ẹja sí i, kí ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 3 sí 4. Bí ẹ bá tì í tí kò dáhùn, ẹ dúró díẹ̀ sí i. Nígbà tí abẹ́ rẹ̀ bá ti gbẹ dáadáa, òun fúnra rẹ̀ á bọ́. Bí ẹja náà bá ń ká kò nínú páànù, gígan ni kò tíì kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí yìnyín títí ara rẹ̀ á fi rọ̀, tàbí kí ẹ fi ọ̀bẹ sín awọ rẹ̀ lójú mẹ́ta kí ẹ tó dín in.