Èsì: Ṣé B.Tech Físíìsì tó fún iṣẹ́ ìjọba?

Àbúrò mi, o ní o ti gba B.Tech Físíìsì ní FUTA, o sì ń béèrè bóyá ó tó fi wọ iṣẹ́ ìjọba àbí kó o kọ́kọ́ lọ ṣe másítà.

Ó tó o. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 08 ni wọ́n máa ń fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì sí. Ṣùgbọ́n wọn á béèrè ìwé ẹ̀rí agùnbánirọ̀, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ àti kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú ẹ̀. Jọ̀ọ́, yẹ orúkọ orí gbogbo wọn wò. Olúwaṣeun lórí ọ̀kan, Ṣeun lórí ìkejì, wàhálà ti dé nìyẹn. Èmi fúnra mi sáré kiri kóòtù l'Ákùúrẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú orúkọ mi!

Irú iṣẹ́ tó o fẹ́ ló máa sọ ti másítà. Nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ, onífísíìsì ló ń ṣírò ìwọ̀n ìtànṣán tó máa wọ ara aláìsàn. Àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣe ohun eré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń fẹ́ másítà Medical Physics. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni, PGDE (dípúlómà ìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn dìgírì) àti ìforúkọsílẹ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni kó o wá, másítà lè dúró ná.

Èwo gan-an ló wà lọ́kàn rẹ nínú méjèèjì?