Apẹ̀yìndà kọ́ ni aláìgbàgbọ́

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní wọ́n pe àbúrò yín tí kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ní apẹ̀yìndà, ẹ wá ń bi wá bóyá ọ̀kan náà ni pẹ̀lú aláìgbàgbọ́. Rárá o. Aláìgbàgbọ́ lè má tíì gbà gbọ́ rí láyé rẹ̀. Apẹ̀yìndà ti wà nínú ẹ̀sìn tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀yìn sí i.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní ọdún 250, Decius, olú-ọba Róòmù, pàṣẹ pé kí tọmọdé tàgbà rúbọ sí àwọn òrìṣà ìlú, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti rúbọ. Ní Carthage, ìlú kan ní Àríwá Áfíríkà, ọ̀pọ̀ Kristẹni kẹ̀yìn sí ẹ̀sìn wọn, wọ́n rúbọ. Àwọn mìíràn fowó ra ìwé náà láìrúbọ rárá. Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ láti padà. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, àtàwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ oníkálukú yẹ̀ wò. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ra ìwé kò tó ti ẹni tó rúbọ, ìrònúpìwàdà tí wọ́n ní kó ṣe náà sì fúyẹ́ ju ti ẹni tó rúbọ lọ.

Bí wọ́n bá fara balẹ̀ ya ọ̀rọ̀ àwọn yẹn sọ́tọ̀ báyìí, kí ló dé tí a ó fi pe ẹni tó kàn rẹ̀, tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ pásítọ̀ bà lọ́kàn jẹ́, ní apẹ̀yìndà? Tí ìgbàgbọ́ àbúrò yín bá kàn jó rẹ̀yìn, "ó fà sẹ́yìn" ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í léèrè fúnra rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní apẹ̀yìndà lójú yín.