Kí ẹ tó kó àwọn ọmọ jọ ní Ajara, ẹ ka èyí ná

Arábìnrin mi, ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹ ní láti Ìbàdàn lẹ ti kó wá sí Ajara ní Badagry, ẹ fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ nílò lẹ́tà ìjọba, àti ọjọ́ wo ló dáa jù láàárín ọ̀sẹ̀.

Mo ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 2016, nígbà tí iṣẹ́ ọkọ mi gbé wa wá sí Badagry. Lẹ́tà yẹn ni mo kọ́kọ́ ń lé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko! Lónìí, ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó. Lọ́la, kí n lọ tún un kọ, ẹni tí mo kọ ọ́ sí ti kúrò nípò. Akọ̀wé kan tó ń jẹ gúgúrú lórí fáìlì wò mí, ó ní, "Màdámù, ta ló rán yín níṣẹ́?" Inú ṣì ń bí mi dòní. Bí ẹ bá fẹ́ lo kíláàsì ìjọba, ẹ lọ gba ìwé wọn. Èmi o, abẹ́ igi máńgòrò ni mo lò, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní lẹ́tà. (Ẹ má lo abẹ́ igi àgbọn o, kí èso má bàa já lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.)

Àṣìṣe mi ni pé mo pín bisikíìtì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá mẹ́ta ti dé ẹnu ọ̀nà mi. Èdè Ògù ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, mi ò gbọ́ ẹyọ kan, àmọ́ èmi ni wọ́n ń nàka sí. Ọ̀kan nínú wọn ki ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń rọ epo pupa sí i lẹ́nu lójú mi, kó lè bì. Àpò bisikíìtì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn ò sì jẹ̀bi: ta ló mọ̀ mí rí? Mi ò tíì kí baálẹ̀, mi ò tíì kí ìyá kankan.

Ìyá alágbọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló mú mi lọ kí wọn, òun náà ló bá mi túmọ̀. Ẹ mú obì dání, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ tẹnu yín, ó tán. Ẹ má sì pè wọ́n ní Ẹ̀gùn lójú wọn. Ògù ni wọ́n ń pe ara wọn. Tí ìpàdé bá di alẹ́, tí wọ́n ní Zàngbétò, eégún Ògù tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ti jáde, ibi tí ẹ bá wà ni kí ẹ sùn.

Ọmọkùnrin kan wà, kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Ó ń fi ìka wá lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lórí pátákó A B D mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Z ni orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni A B D Yorùbá ní, kò sí Z níbẹ̀, kò sí V, bẹ́ẹ̀ èdè Ògù ní méjèèjì. Ó ní, "Tèmi dà?" Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ Z gàdàgbà sí etí pátákó. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ò sọ irú èyí fún wa rí. Bí a ó ṣe kọ ìròyìn ni wọ́n fi ojúmọ́ kan sọ. Ẹ wá ọ̀dọ́ kan tó gbọ́ Ògù kó máa bá yín kọ́ wọn. Láìsí ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bèèrè, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ọ̀sán Sátidé ni tèmi, àfi tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà Agbalata. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ọmọ ti ru ẹrù tẹ̀lé ìyá wọn kílẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa jókòó ti pátákó.